Omi Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Iṣẹ́ tí ìyàwó yìí ń ṣe kò ṣeé ṣàlàyé fún ìyá ọkọ. Omi ló ń wò. Nínú yàrá ńlá kan nílé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ṣe ọ̀nà omi kan tó jẹ́ gíláàsì lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rọ sì ń lé omi gba inú rẹ̀ kọjá. Òun á wá máa fi wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ wọn bí eré omi náà ṣe ń yí padà lẹ́bàá ògiri. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀, ti gbà bẹ́ẹ̀. Màmá ò gbà.

"Wọ́n ń sanwó fún Awòmi kó máa wo omi? Irọ́ ni. Màá débẹ̀."

Ó débẹ̀ lóòótọ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, báàgì lábíyá. Ìyàwó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. Níbo lomi yìí ti ń jà jù, àárín ni àbí ẹ̀gbẹ́ ògiri? Tí ẹ bá jẹ, màá dín ata ọbẹ̀ kù. Tí mo bá jẹ, ẹ ò ní pè mí ní Awòmi mọ́."

"Àárín ni! Ibẹ̀ ló ti ń sáré. Ẹni tó fara ti ògiri, ìjà wo ló fẹ́ jà?"

Ìyàwó kán aró búlúù sáàárín. Ó fà lọ bí okùn, ó kàn ń mì díẹ̀. Ó wá kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọn ya sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kan ń fà, àwọn kan ń sáré. Lójijì, ọ̀kan fò dìde, ó lọ́ mọ́ra, ó sì tú yáfúyáfú wọ àárín.

"Yéè! Ta ló bú u?"

"Ògiri ló dì í mú, Mọ́mì. Omi tó jìnnà sí i sì ń fà á pé kó máa bọ̀."

"Háà! Ilé àbúrò mi gẹ́lẹ́ nìyí."

Kí ìyàwó tó pajú dé, Màmá ti ki ìka bọ ìgò aró, ó ń kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pariwo "Ó tún fò!" bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo ohun tí ìyàwó wọ̀n lọ́jọ́ náà bàjẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ló fi mú un kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Màmá délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ gidi ni. Má yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu." Kò mẹ́nu ba tẹ́tẹ́ rárá.

Aládùúgbò rí ìka rẹ̀. "Màmá, kí ló kùn yín ní búlúù?"

"Mo lọ dìbò ni."

"Ìbò wo nínú oṣù yìí?"

"Ṣé gbogbo ìbò ni wọ́n ń kéde fún ìwọ ni?"