Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Ẹja Lọ́wọ́ Mi

Ẹja ń fa okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀!

Láàárọ̀ yìí, Bàbá Ràṣídì apẹja mú mi lọ sórí yanrìn etí odò Òfìkì, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹja ń gbọ́. Mo ju ìwọ̀ sódò.

Bí ẹja ńlá ṣe gbé ìwọ̀ mì báyìí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ràṣídì tó ń lọ sóko yọ lẹ́yìn wa. Ni Bàbá Ràṣídì bá pariwo:

"Ṣé o ò rí àgbà ni? Dọ̀bálẹ̀!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹja wọ́ ọ̀pá ìwọ̀ wọnú odò lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ńkọ́?"

Bàbá Ràṣídì nawọ́ sí mi: "Ọmọ yìí ni ò lè di nǹkan mú!"

Ẹ dákun, ká ní ẹ̀yin ni, ẹja lẹ máa dì mú, àbí àgbà lẹ máa kí?