Ewùrà Ìyàwó Mi ní Ẹ̀yìnkùlé Bàrígà

Agogo méje òwúrọ̀ ni, ọyẹ́ ti mú, ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà ní Bàrígà sì ń rùn fún eruku àti èéfín ìdáná. Àwa mẹ́rin la dúró síbẹ̀: baba onílé, bíríkìlà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin, àti èmi. Bíríkìlà ti kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ti ta okùn yí wọn ká. Balùwẹ̀ tuntun ni wọ́n fẹ́ kọ́. Àárín okùn náà gan-an ni ebè ewùrà mẹ́fà tí ìyàwó mi kọ wà.

Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló gbìn ín. Kí òjò tó dá, ìyàwó mi ti kú. Láti Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀ ti fún un ní irú ewùrà yẹn, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni òun náà ti gbà á. A kì í kánjú wa ewùrà. Ìgbà tí ewé bá gbẹ lórí ọ̀pá ni orí rẹ̀ ń gbó tó èyí tí yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀. Ewé tiwa ṣì tutù. Bí a bá wà á lọ́jọ́ yẹn, a ó rí nǹkan jẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ parun nìyẹn.

“Wà á kúrò, kí bíríkìlà ríṣẹ́ ṣe,” ni baba onílé wí.

“Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ gbẹ, bàbá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.”

“Ṣé ewé ni yóò máa pàṣẹ fún mi nínú ilé mi?”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí baba onílé ránṣẹ́ pè kí ó wá bá mi sọ̀rọ̀, fà mí lápá. “Ọkọ àbúrò mi, gbà fún wọn. Òkú kì í jẹ ewùrà.”

“Èmi ń jẹ ẹ́.”

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Baba onílé ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Tó bá di ọ̀la tí o kò wà á, ọkọ́ ni bíríkìlà yóò fi ṣá a. Ìwọ náà lè máa di ẹrù rẹ!”

Nǹkan mìíràn ló ń dùn mí. Nígbà ayé ìyàwó mi, ó gbin ọ̀dúndún, rinrin àti efinrin sínú agolo àti ìkòkò tó ti sán, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baba onílé ní ó ń dọ̀tí ilé òun. Ìyàwó mi wojú mi pé kí n sọ nǹkan. Mo ní kí ó kó wọn wọlé. Abẹ́ fèrèsé yàrá ni wọ́n wà láti ìgbà náà. Nígbà ọyẹ́, ìyàwó mi máa ń fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń bu omi díẹ̀ sí ìdí wọn kí oòrùn tó mú. Kò bá mi jà nítorí rẹ̀ rí.

Baba onílé fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko bínú sí mi. Ewé gbẹ, mo wa ewùrà, mo kó orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpò, mo sì kó ẹrù mi lọ sí ilé mìíràn ní Ṣómólú fúnra mi. Mo ṣì ń gbìn ín lọ́dọọdún. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí o máa ń pè mí ní olóríkunkun, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjà yẹn ni mo kọ́ oríkunkun, ó sì dùn mí pé ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọ.

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ náà, mo kó gbogbo agolo àti ìkòkò ìyàwó mi jáde, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba onílé kọjá pẹ̀lú wọn. Mo tò wọ́n sídìí okùn bíríkìlà yíká. Mo nu ewé wọn, mo bomi rin wọ́n. Mo wá gbé àga mi sáàárín ebè, mo sì jókòó de bíríkìlà.