Ọtí Tí Kò Hó

Ọdún tí a kó dé Bódìjà, nígbà tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, ni ibà kan ṣe bàbá mi, tó sì kó adùn lọ kúrò lẹ́nu wọn. Ibà lọ, adùn kò padà. Mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi kí dókítà lè máa rí wọn, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá sè, wọ́n á ní bí eérú ni. Bàbá tó jẹ́ adájọ́ ọbẹ̀, tí iyọ̀ kì í dín kí wọ́n má mọ̀. Ẹ̀wù wọn ti ń tóbi sí wọn lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ebi ni yóò pa bàbá mi nínú ilé tí oúnjẹ wà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọkọ mi gbé ìgò ńlá kan dé láti ibi iṣẹ́ wọn ní Dùgbẹ̀. Ará Jàpáànì kan tó ń bá wọn ṣòwò aṣọ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń lọ sílé. Ìwé ara ìgò náà dà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kà á. Inú yàrá ni ọkọ mi ti sọ fún mi pé ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe ọtí náà, sàké ni wọ́n ń pè é. A fi ìyẹn pamọ́ fún Bàbá. Wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ rí ìrẹsì mọ́, pé bí ẹni ń jẹ iyanrìn ni. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní fẹnu kàn án.

Ẹni tó bá gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọkọ mi mu díẹ̀ lójú Bàbá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún wọn. Bàbá gbàdúrà sí i, wọ́n mu ún.

"Omi ni."

Mo tọ́ ọ wò. Kì í ṣe omi rárá. Ó rọra dùn, ó sì ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ẹnu yà mí pé ohun tó mọ́ gaara tó báyìí lè ní irú adùn bẹ́ẹ̀ nínú.

"Kò tíì pé ni," Bàbá wí. "Ẹ má dé e. Ọtí tí a bá dé pa kì í hó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹmu, a ò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A yọ ìdérí, a fi òwú fẹ́lẹ́ bò ó lẹ́nu nítorí eṣinṣin, a gbé e sórí tábìlì, a ń retí kó hó. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò hó. Bàbá mu ún, wọ́n ní omi ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò hó. Lẹ́nu èmi àti ọkọ mi, adùn rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìgò náà. Ọtí wo ló ń kan tí kì í hó?

"Ọtí yìí lágídí," Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ, á bá wa ńbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọyẹ́ dé gan-an, Bàbá sì ń wúkọ́. N ò fẹ́ kí ohun tútù wọ àyà wọn, mo bá gbé ìgò pẹ̀lú ìyókù ọtí náà sínú omi gbígbóná, bí mo ṣe máa ń ṣe fún mílíìkì ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dà á sínú ife, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn.

Wọn ò tètè mu ún. Ooru rẹ̀ ń rú sí wọn nímú. Wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n di ojú. Mo rò pé àyà ló ń dùn wọ́n.

"Ta ló ṣí ìkòkò ìrẹsì?" ni wọ́n bi mí.

Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. A ò sọ fún wọn rí pé ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe ọtí náà. Orí mi wú. Ìrẹsì tí wọ́n gbìn sí ìpẹ̀kun ayé, tí wọ́n sọ di omi, tó wọkọ̀ kọjá òkun, tí àwa tún ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹmu, ó ṣì rántí pé ìrẹsì ni òun, ó sì wá ta ẹnu bàbá mi jí. Mo sunkún, n ò sì bojú.

Bàbá mu ife náà tán. "Kò kúkú hó," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ahọ́n lá ètè.

"Kí lo sè?"