Mímí Kanlẹ̀ Nílé Yèyé Mi

Ìpínlẹ̀ Òndó la ṣì ń jẹ́ n'Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí dókítà kan n'Íbàdàn sọ fún mi pé kíndìnrín mi ti ń kọṣẹ́, pé kò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo gba ìsinmi níléèwé tí mo ti ń kọ́ni, mo kó lọ sọ́dọ̀ yèyé mi n'Ìkẹ́rẹ́, torí Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ara mi kò balẹ̀ rárá. Mà á gbálẹ̀ tán, mà á tún un gbá. Bí mo bá jókòó, mà á fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, kò síbi tí mò ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan lọ́síbítù ọ̀hún ti kọ́ mi ní mímí kan. Ó ní kí n gbọ́wọ́ lé ikùn, kí n fa èémí gba imú títí ikùn á fi yọ, kí n wá tú u sílẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

“Kò ní wo kíndìnrín yín sàn o,” ló wí. “Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀. Ọkàn yín ló máa rọ̀.”

Mo jókòó sí pálọ̀ yèyé mi, mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yọ sí mi láti ilé ìdáná.

“Má mí kanlẹ̀ nínú ulé mi.”

Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń mí kanlẹ̀ ń pe ìbànújẹ́ wọlé? Mo ṣàlàyé títí. Ó ní kí àwọn ará Ìbàdàn máa mí bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí ọkọ mi dé ní Sátidé, omi ni kò tíì mu tí yèyé mi fi bi í pé kí ló fi ọmọ òun ṣe. Ọkọ mi ń wò mí suu. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti mí kiri nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ ń rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata, ariwo ò jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi sìmẹ́ǹtì tí bàbá mi máa ń sá kòkó sí nígbà ayé rẹ̀. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti gbọ́ èémí ẹlòmíràn. Yèyé mi ló jókòó síbẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èyí tí nọ́ọ̀sì ń kọ́ni.

Ó rí mi, kò dìde.

“Ṣé ukú ni, ọmọ mi?”

Látìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ẹnì kan kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ni wọ́n ń sọ, wọn kì í jẹ́ kí n lanu.

“Mi ò mọ̀, Yèyé. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Mò ń retí kí òun náà ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

“Ó ń ba èmi náà,” ló wí, ó sì sún kí n lè jókòó.