Ọjọ́ Tí Mo Dákú Ní Gánà

Bí ẹ bá bi àwọn ará ọjà Kàbà pé kí ni mo lọ ṣe ní Gánà, wọ́n á ní mo lọ dákú ni. Wọn ò parọ́. Òun ni mo lọ ṣe, mi ò sì ṣe é dáadáa.

Ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ni mò ń tà. Ìwé tí mo kà ò kọjá kíláàsì kẹta, ẹnu mi ló ka ìyókù. Ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú wa ló ní ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì: bí wọ́n ṣe ń di egbò, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó fara pa láì dá kún ìrora rẹ̀. Wọ́n pè wọ́n sí àgọ́ kan ní Gánà, níbi tí irú wọn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi yóò ti pàdé, tí wọn yóò sì dán wọn wò. Tíṣà wọn rèé, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtihù. Àwọn ìyá ọmọ fárígá. Wọ́n ní àwọn ò ní fa ọmọbìnrin lé irú èyí lọ́wọ́ kó kó wọn kọjá bọ́dà, àfi bí àgbàlagbà obìnrin bá tẹ̀ lé wọn, ẹni tó láyà, tó lẹ́nu, tí kò sí ọkọ nílé tí yóò máa bèèrè oúnjẹ. Opó ni mí. Ní ti ẹnu, gbogbo wọn kàn yíjú sọ́dọ̀ mi ni.

Bàbá ọmọbìnrin tó jẹ́ aṣáájú àwọn ọmọ náà wá bá mi nídìí ọjà, àgbẹ̀ oníṣu láti Ìyámoyè, ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Iye," bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa nìyẹn, "èmi ò mọ ìdí tí ọmọ fi ń we aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ó dáa. Bí wọ́n bá yege lọ́hùn-ún, n ó wá bí yóò ṣe kọ́ ọ. Bí wọn ò bá yege, kó lọ kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ẹnu yín ni n ó ti gbọ́ àbọ̀. Mi ò gba ti tíṣà. Ta ló ń pe ọjà rẹ̀ ní búburú?"

Ọmọ náà ń we etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka, bí ẹni ń di bándéèjì.

Mo di ata sínú báàgì, torí mo gbọ́ pé ọbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kì í ta. Ní bọ́dà, ọ̀gá kan tú báàgì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín, àwọn tó wá wo ohun tó ń mú un sín náà ń sín. Àwọn ọmọ mi ti ń tú àpótí oògùn wọn kí wọ́n lè tọ́jú wọn. Nígbà tí a dé Gánà, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi sẹ́nu mú omi jáde lójú mi. Ṣé ẹ rí i pé odò ni mò ń pọnmi lọ dà sí?

Àgọ́ náà kún. Èdè tí mi ò gbọ́ rí ń fò lórí mi bí eṣú. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, "Okun o" ni mò ń kí i. Kiní yìí náà la fi ń kíra láàárọ̀, òun náà la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun la fi ń kí ẹni tó ti oko dé. Ẹni tí wọ́n kí ní okun nílẹ̀ wa tí kò dáhùn, bí inú ò bá bí i, a jẹ́ pé ó ti kú. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ, gbé e mì, kí o dáhùn."

Ọjọ́ ìdánwò dé. Àwọn adájọ́ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àgbàlagbà tirẹ̀ wá láti ṣe aláìsàn, kì í sì í ṣe tíṣà, kó má baà máa sọ ìdáhùn sí wọn létí. Ta ló kù? Wọ́n ní ọ̀kadà ló gbá mi, pé mo ti dákú, mi ò gbọ́ràn, mi ò lè fọhùn.

Ọmọ Ìyámoyè kúnlẹ̀ tì mí. "Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ o."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó wo tíṣà. Tíṣà wo ilẹ̀.

Wọ́n kun ọ̀dà pupa sí mi lórí, mo dùbúlẹ̀. Èèrà gun ẹsẹ̀ mi, mi ò mira. Eṣinṣin bà sí mi nímú, mo fojú inú ṣépè fún un. Adájọ́ kan pariwo sí mi létí, mo dákẹ́ bí ìkòkò. Orí mi ti ń wú. Mo ti ń to bí n ó ṣe ròyìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi lọ́jà.

Bàbá kan wà láàárín àwọn òǹwòran, ọmọ Ìjùmú nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún, tó ti ń gbé Gánà tipẹ́. Ó rí orúkọ ìlú wa lẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọ, ayọ̀ gbà á lọ́kàn.

"Kàbà! Ẹ̀yin èèyàn mi! Okun o!"

"Okun o!" lèmi tó ti dákú dáhùn. Mo tún gbọ́wọ́ sókè. "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo yára di ojú padà, bí ẹni tó fẹ́ ti ẹyin padà sínú adìẹ. Àmọ́ mo ti rí ojú ọmọ náà. Mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ méjèèjì di orí mi mú.

"Iye, ẹ má mi orí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, aláìsàn ti ń dáhùn o! Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Iye, níbo lẹ wà?"

"Kàbà ni."

"Gánà ni, Iye."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, o tún ń bi mí."

Ó kọjú sí adájọ́, ó sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tó yá: ó ní ẹni tó dákú tó sì jí tún lè dákú, nítorí náà àwọn ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi, àti pé ó jọ pé ọpọlọ mi kò tíì balẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe eré ni mò ń ṣe. Bí mo ṣe máa ń dáhùn náà nìyẹn.

Bàbá Ìjùmú ti kọjá okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, ó ń bọ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọ náà ní, "Baba, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lé àwọn èèyàn sẹ́yìn, kí Iye rí atẹ́gùn." Ni bàbá bá ń lé èèyàn. Ó lé adájọ́ mọ́ wọn.

Àwọn adájọ́ fa ọ̀rọ̀ náà títí. Wọ́n yọ máàkì nítorí ẹnu mi, a ò sì sún mọ́ ipò kìíní rárá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yege, wọ́n fún wọn ní báàjì. Adájọ́ kan sọ̀rọ̀ kan nípa mi fún tíṣà. Tíṣà ní ó ní kí wọ́n má tún mú mi wá.

Nígbà tí a délé, bàbá oníṣu wá gba àbọ̀, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi, mo yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló ti dá mi dúró.

"Iye, wọ́n ní ẹ dákú, ẹ ń kí èèyàn."

Ta ló sọ fún un? Gbogbo Kàbà ni. Mo bá jẹ́wọ́ bó ṣe rí, títí kan ti ọpọlọ tí kò balẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó ìsọ̀ mi.

"Ẹni tó bá lè tọ́jú ẹ̀yin," ó nu ojú rẹ̀, "aláìsàn wo ni yóò ṣòro fún un? Kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀."

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Èmi ju ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ mi sẹ́nu, kí n má baà sọ ohun tí yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàbá náà yí padà láti máa lọ.

"Okun o, Iye."

Ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo gbé e mì, mo dáhùn.