Àgbàdo Tó Hù Lọ́rùn Adìẹ

Wọ́n ti di ìdajì irun mi, ìdajì tó kù dúró ṣánṣán lórí, nígbà tí ọmọ mi obìnrin sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onídìrí ní agboolé kejì sí tiwa ní Bẹyẹrunka. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní adìẹ òun ti dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́, Bàbá Alájì sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo fi ìborùn bo orí náà bó ṣe wà, mo tẹ̀ lé e. Onídìrí pariwo tẹ̀ lé wa pé kí n rọra o, ẹni tó bá rí mi báyìí á rò pé èmi àti adìẹ náà la jọ jà.

Adìẹ ọmọ náà ni lóòótọ́. Ìyá ọkọ mi ló fún un nígbà tó kọ́kọ́ ka Fátíhà tán láìṣì í kà. Òròmọ kékeré ni nígbà yẹn. Ní báyìí òun náà ti pa ọmọ, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì ń sá wọ abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀. Tó bá kú, àṣá ò ní jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé.

Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àpò tí adìẹ máa ń kó oúnjẹ sí lọ́rùn ti wú, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ẹnu ẹ̀ ń rùn bí omi ògì tó ti kan jù. Bàbá Alájì, àbúrò bàbá ọkọ mi, jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ lórí itan. Wọn kì í ṣe ìkà. Tí adìẹ bá fẹ́ kú, àfi kéèyàn tètè dúńbú ẹ̀ kó má baà di mùṣáì, ẹran tó fúnra ẹ̀ kú tí mùsùlùmí kì í jẹ. Wọ́n ní nítorí ọmọ, àwọn á ní sùúrù títí tí wọ́n á fi pe ìrun Alásárì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀bẹ á ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi tẹ àpò náà wò. Wọ́n ní oúnjẹ ló dí i, kí a là á, kí a kó ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, kí a rán an. Àwọn ti ṣe é rí, àmọ́ ojú àwọn ò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ọwọ́ sì ti ń gbọ̀n. Ni wọ́n bá na abẹ tuntun sí mi. Nílé ìwé, ọjọ́ tí tíṣà la ọ̀pọ̀lọ́ lójú wa, ìta ni mo ti parí kíláàsì náà.

A se abẹ àti abẹ́rẹ́ nínú omi iyọ̀. Ìyá ọkọ mi há adìẹ náà mọ́ abẹ́ apá, mo tu ìyẹ́ díẹ̀ kúrò lójú ibi tó wú. Mo ṣe Bísímílà. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Ó tó bẹ́ẹ̀ o. Má kábàrà. Tó o bá ti kábàrà tòun ti abẹ lọ́wọ́, o ti dúńbú ẹ̀ nìyẹn."

Òótọ́ ni, ẹnu mi ti fẹ́ máa bá a lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nídìí ẹran: Bísímílà, wọ́n á kábàrà pé Allahu Akbar, ọ̀bẹ. Ẹnu ò mọ̀ pé tòní yàtọ̀. Mo fi eyín di ètè mú.

Mo la awọ. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò tó nǹkan. Abẹ́ awọ ni àpò náà gan-an wà, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán. Adìẹ ò ké, ojú ẹ̀ kan ṣáà ń wò mí. Mo la àpò náà. Ọ̀rá píọ̀ wátà ló kọ́kọ́ yọ, ó ti lọ́ pọ̀ bí okùn. Òun ló dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àgbàdo tí ìyá ọkọ mi rẹ fún ògì, tí adìẹ náà jí ṣà jẹ. Mo fi ìka kó o sínú àwo, mo wá wò ó dáadáa.

Ó ti hù. Kì í ṣe ẹyọ kan. Àwo kún fún èéhù funfun kéékèèké, òmíràn tiẹ̀ ti ta gbòǹgbò tín-ín-rín. Lọ́rùn ẹran tó ń kú, nínú òkùnkùn, láìsí ilẹ̀, láìsí oòrùn, àgbàdo ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

"Allahu Akbar," ló bọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá ọkọ mi wo abẹ tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo adìẹ, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"O ti dúńbú ẹ̀. Ó yá, tètè rán an kí n tó gbé ìkòkò kaná."

Bàbá Alájì ti dìde wá wo inú àwo. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá rí irú èyí tí kò kábàrà, kó lọ tún ìrun ẹ̀ kí."

Mo fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ inú àpò náà, mo fi òwú dúdú rán an, mo wá rán awọ lé e. A fi òrí pa ojú ọgbẹ́ náà, a fi agbọ̀n dé adìẹ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Bàbá Alájì lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n gbàgbé ọ̀bẹ sórí àpótí. Ọmọ mi ò kúrò nídìí agbọ̀n. Ó pẹ́ kí ó tó pè mí pé adìẹ ti dìde. Kò nàró dáadáa, àmọ́ ó dìde, ó sì ń pe àwọn ọmọ ẹ̀.

Ògì ṣíṣàn là ń fún un fún ìgbà díẹ̀. Òwú gbẹ, ó ń já bọ́ fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo tún ya ìyẹ́ ọrùn ẹ̀ wò, ìlà kan bí èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà ni mo rí níbi tí ìka mi méjì ti wọlé. Láti ìgbà yẹn, bí adìẹ náà bá ti rí mi báyìí, sísá ni. Abẹ ló mọ̀ mọ́ mi.

Ọmọ mi lọ ń yangàn nílé kéwú pé ìyá òun la adìẹ, ìyá òun sì jí i dìde. Mo pè é jókòó. Mo ní mo là á, mo rán an, àwọn méjèèjì yẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó mú awọ lẹ̀ mọ́ awọ títí òwú fi já bọ́, n ò mọ̀ ọ́n, n ò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá bi í léèrè, kó sọ pé ìyá òun ló rán an, kó dúró síbẹ̀.