Òfin Tí Olúdáre Ṣe Fún Àáró

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka àwọn tó mọ̀ ọ́n yínmú ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, Olúdáre ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó máa wá ẹni tó ṣìkejì. Bí òjò rọ̀, á yínmú. Bí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọjọ́ tí ọkọ òun bá yin nǹkan, kí wọ́n yáa gbé e lọ sọ́sibítù.

Kì í kúkú ṣe pé kò ní ìdí. Òkè Ọya ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to mọ́tò. Ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, òun ló ń dè é mọ́ mọ́tò lára láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ìjọba kó owó fún un pé kó má bàa kú. Kí ni àwọn ọ̀gá fi owó ọ̀hún ṣe? Wọ́n kun géètì lọ́dà. Wọ́n ra mọ́tò ìlú òyìnbó fún ara wọn, nítorí wọn ò jẹ́ fi ìdí kan èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fọwọ́ tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Olúdáre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ló kó ẹrù rẹ̀ padà wá sí Ẹ̀dá, tó gbé ọkọ́, tó sì wọ inú àáró.

Ẹni tí kò dáko rí lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan á para pọ̀, wọ́n á kọ ebè sí oko tèmi lónìí, wọ́n á kọ ọ́ sí oko tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ síwèé. Ojú tó ń ti èèyàn nìkan ló ń mú un jáde nílé. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ti Olúdáre. Àlíyù wà níbẹ̀, tó ń ta obì lọ́jà Ìkọ̀lé, tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọlé wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í lọ sóko láìgbé rédíò dání. Samson ló kéré jù láàárín wọn. Olúdáre fúnra rẹ̀ ló ní kí toko òun gbẹ̀yìn, kí òjò ti rẹ ilẹ̀ dáadáa kó tó kàn án. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni, ẹ ò rí i?

Oko Àlíyù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009. Ibẹ̀ ni ọkọ́ ti ṣá Samson lẹ́sẹ̀. Nígbà tó kan oko Wọlé, Samson kò lè rìn. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi lábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fo oko ọkọ òun, pé bí ẹsẹ̀ bá san, á ṣiṣẹ́ ọ̀hún padà fún olúkúlùkù wọn.

Wọlé yí rédíò sílẹ̀, ó kọjú sí Olúdáre. "Bàbá Faith, ẹ gbọ́ ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe. Wọ́n ń kówó fún àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Wọ́n ní bí wọ́n bá wó, ẹni tó ń ta táyà fún wọn á wó, ìyá tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ wọn náà á wó. Ẹ jẹ́ ká ran ọmọ yìí lọ́wọ́."

"Ṣíọ̀," ni Olúdáre wí. "Owó Àbù ni wọ́n fi ń ṣe Àbù lálejò. Wọ́n ṣe é fún tiwa lójú mi, mo rí ibi tó já sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń kú lọ, ẹ jẹ́ kó kú. Bí ẹ bá gbà fún Samson lónìí, lọ́la ẹ̀yìn á máa ro Wọlé, inú á máa run Àlíyù. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ó ti jáde. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àlàyé."

Wọlé, tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, yí rédíò rẹ̀ sókè padà. Àlíyù, tó jẹ́ pé oko rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Samson kán sí, mi orí pé òun gbà. Obìnrin náà dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún, ó lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ Samson san, ìgbà ebè ti ń kọjá lọ, ó bá gba ọ̀kadà, ó ń fi kó èrò ní Ìkọ̀lé. Olúdáre rí i lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yínmú.

Ó wá kan oko Olúdáre. Òjò ti rẹ ilẹ̀ bó ṣe fẹ́. Àṣàkẹ́ ti gé gbogbo iṣu tó kù nílé ní èbù, ó kó o sábẹ́ ibòji, ó ń dúró de ebè. Èbù tí a ti gé kì í dúró deni. Bó bá rà, wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n máa gbìn, kò sì sí ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, Olúdáre nìkan ló wà lóko. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ọ̀nà, ó lọ bá Wọlé nílé. Ó bá a lórí àga, tó ń rún pákò.

"Ṣé ara le?" Olúdáre bi í.

"Ara le, Bàbá Faith." Wọlé pa rédíò nítorí àpọ́nlé. "Mo pa ọjọ́ kan jẹ ni. Mo ti jáde."

"Oko rẹ tí mo bá ọ kọ ńkọ́?"

"Ẹ ní ẹni tó bá jáde kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, èmi ò jiyàn."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí tíṣà bá ń ka iṣẹ́ ọmọ iléèwé padà fún un. Nílé Àlíyù, Mùtíátù ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí i, ó kí i dáadáa, ó ní ọkọ òun ti lọ sọ́jà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, pé ọkọ òun sì ní kí òun sọ fún un pé Àlíyù náà ti jáde.

Gbogbo ọ̀nà tí Olúdáre ń gbà padà lọ sóko ló ń wá èébú tí á bú wọn. Kò rí.

Àṣàkẹ́ ti dé sóko ṣáájú rẹ̀. Ó ti gbé ìkòkò ẹ̀wà tó sè fún àwọn aláàáró kalẹ̀, ó to abọ́ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bóyá àwọn kan ń bọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

Olúdáre mú ọkọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ohun tí mo wí náà ni wọ́n wí."